Atukọ̀ àti Èrò: Bí Omi Ṣe Dá Èbúté Mẹ́ta Sílẹ̀

Ní Jinja, ní ilẹ̀ Uganda, níbi tí odò Náílì ti ń jáde láti inú adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Victoria, iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe jẹun. Baba, ìyá àti àwọn ọmọ wọn, tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan, a wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn a sanwó, wọn a wọ ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, atukọ̀ kan a sì kó wọn gba orí omi tí ń ru gùdù láàárín àpáta. Bákan náà ni ó rí lórí odò Zambezi, nísàlẹ̀ ibi tí odò náà ti ń já bọ́ láti orí òkè, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe. Eré ìdárayá ni wọ́n kà á sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ nípa rẹ̀ ní Yábàá tàbí ní Múṣín lè sọ pé àṣà òyìnbó ni, pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́ nínú ìtàn Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ eré kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó kù ni pé ẹni tí kò mọ omi fi ara rẹ̀, aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ lé ẹni tí ó mọ omi lọ́wọ́, ó sì sanwó fún un. Èyí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí rárá. Òun ni ó dá ìdajì Èkó sílẹ̀.

Ìtàn apá Èkó tí ó wà lórí ilẹ̀ ńlá, láti Ìddó dé Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Súrùlérè àti Múṣín, ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1896, nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀. Wọn a ní ọkọ̀ ojú irin ni ó dé, tí ó kó òṣìṣẹ́ wá, tí ilé fi pọ̀, tí igbó fi di ìlú. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbà wọlé. Ilẹ̀ náà ti kọjú sí omi kí ó tó kọjú sí irin. Orúkọ Èbúté Mẹ́ta fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i: kò sí ẹni tí í pe ibi tí ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ sí ní èbúté, áḿbọ̀sì kí ó tún wá di mẹ́ta. Kí ọkọ̀ sì tó gúnlẹ̀, ẹnì kan ni ó tù ú wá. Ẹni náà ni ìtàn gbàgbé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè odò, níbi tí ọkọ̀ kò tilẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó jìnnà sí ọ̀sà, àwọn odò bí Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọbà kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń là wọ́n kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò a kún bo bèbè, a sì gé ọ̀nà ọjà sí méjì. Afárá kò sí, ọkọ̀ kò wọ́pọ̀. Igbá ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe igbá ìmumi o, igbá ńlá rìbìtì ni, tí ó fẹ̀ tó láti gba ẹrù ènìyàn, tí ó sì lágbára tó láti gbé ènìyàn náà léfòó bí ó bá dì í mú tàbí bí ó bá jókòó lé e. Òmùwẹ̀ kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ ní gbogbo àsìkò òjò, a bọ́ sínú omi, a máa ti igbá náà níwájú, a sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi títí yóò fi gúnlẹ̀ ní òdì kejì. Àwọn òyìnbó oníwàásù tí wọ́n ń rìn láàárín Abẹ́òkúta, Ìjàyè àti Ìbàdàn ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé bí wọ́n ti wọ aṣọ tó, bí wọ́n ti ní ìwé lọ́wọ́ tó, inú igbá ni wọ́n wà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò wọ nǹkan kan.

Nínú igbá náà ni òfin iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fara hàn. Igbá kò ní ìdí tí ó tẹ́jú. Bí èrò bá yí ara padà láìgbàṣẹ, ó ti dojú dé. Nítorí náà, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí dé òdì kejì, kò sí ọ̀gá mìíràn ju òmùwẹ̀ lọ. Ìjòyè ni o, olówó ni o, ìyá ọlọ́mọ ni o, bí ó bá ní kí o má mì, ìwọ kò gbọdọ̀ mì. Lórí ilẹ̀, òmùwẹ̀ yìí lè má tó ẹni tí ìjòyè ń kí. Lórí omi, ìjòyè ni ó ń gbọ́ tirẹ̀. Irú àṣẹ báyìí ṣọ̀wọ́n ní àwùjọ tí ọjọ́ orí àti oyè ti ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ nípa ètò ìlú Yorùbá fiyè sí i ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Omi dànù, agbè kò fọ́, ni àwọn àgbà ń wí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti rí i tí igbá yí lójú omi rí ni ó jọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí èrò tí kò ní atukọ̀ kò fara sin pẹ̀lú. Ní ọdún 1805, Mungo Park, ará Scotland, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí Odò Ọya láti Sansanding nínú ọkọ̀ tí ó fi ọkọ̀ méjì àtijọ́ kàn pọ̀. Afinimọ̀nà kan wà pẹ̀lú rẹ̀, Amadi Fatouma ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó mọ èdè àwọn ìlú tí ó wà lẹ́bàá odò náà. Àdéhùn wọn dópin ní Yáúrì. Fatouma sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, Park sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní Bussa, níbi tí àpáta ti há odò náà mọ́, àwọn ará ìlú dojú ìjà kọ ọ́, òun àti àwọn òyìnbó tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀ sì bómi lọ ní 1806. Fatouma wà láàyè. Ẹnu rẹ̀ ni ayé ti gbọ́ bí Park ṣe kú, nígbà tí wọ́n rán Isaaco láti wá ìròyìn kiri ní 1810. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti ṣe àlàyé ìgboyà Park. Díẹ̀ ni ó ti béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá ti wá afinimọ̀nà mìíràn ní Yáúrì.

Àwọn méjì tí wọ́n tẹ̀ lé e kò ṣe bí tirẹ̀. Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní oṣù kẹta ọdún 1830, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n sì dé Bussa. Lọ́dọ̀ ọba ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọkọ̀ àti ìyọ̀ǹda, wọ́n sì ń pààrọ̀ ọkọ̀ àti atukọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ojú wọn rí màbo, nítorí wọ́n mú wọn lẹ́rú ní ìsàlẹ̀ odò kí ọba kan ní Brass tó rà wọ́n padà, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún náà wọ́n dé òkun láàyè. Omi kan náà ni, àpáta kan náà ni. Àpáta náà kò sí lójú mọ́ lónìí: adágún Kainji bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní 1968.

Láti Odò Ọya kí a padà sí odò Ògùn, nítorí òun ni ó já sí Èkó. Láti èbúté Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, odò yìí ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ̀rì kọjá, ó sì ń dà sínú ọ̀sà ní apá àríwá Èkó. Lórí rẹ̀ ni epo pupa àti òwú Ẹ̀gbá ti ń bọ̀, lórí rẹ̀ ni iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ti ń lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn a hàn láàárín odò, atukọ̀ a sì ní láti mọ ẹ̀gbẹ́ tí omi ṣì jìn sí. Nígbà òjò, igi tí omi ti hú láti òkè a máa bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá láti Amẹ́ríkà ní 1859 láti wá ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú tí ó bá fẹ́ padà sí Áfíríkà, gba odò yìí dé Abẹ́òkúta, òun àti Martin Delany sì bá Aláké ṣe àdéhùn ní ìparí ọdún náà. Àdéhùn náà kò mú èso wá, ṣùgbọ́n Campbell padà wá, ó sì di ará Èkó, ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Irú èrò tí ń gba ọwọ́ àwọn atukọ̀ Ògùn kọjá nìyẹn: oníṣòwò, oníwàásù, ìránṣẹ́ ọba, ẹni tí ń wá ilé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, nǹkan yí padà. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè é. Wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn oníwàásù ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí ẹ̀rù bà tẹ̀ lé wọn wá sí Èkó, àti ọkọ àti aya àti ọmọ. Glover, tí ó jẹ́ alábòójútó Èkó nígbà náà, kò kó wọn sí erékùṣù tí ó ti kún. Ó fún wọn ní ilẹ̀ ní òdì kejì omi, ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì là á ní òpópónà fún wọn. Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Agbo ènìyàn tí ó ti fi àpáta Olúmọ ṣe ààbò wá di ará etí ọ̀sà ní ọ̀sán kan òru kan. Ìṣẹ́ wọn, ọjà wọn, ilé ẹjọ́ wọn àti ilé ìwòsàn wọn wà ní erékùṣù Èkó, omi sì wà láàárín. Láti 1867 títí di ìgbà tí afárá dé, kò sí ọmọ Èbúté Mẹ́ta tí ó lè ra aṣọ ní Èkó tí kò ní kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Àwọn Àwórì tí wọ́n ti ń gbé ní Òtò àti Ìddó tipẹ́, àti àwọn apẹja etí ọ̀sà, ni wọ́n mọ omi náà. Ọwọ́ àwọn àlejò Ẹ̀gbá ti ìwé, ọwọ́ tiwọn ti àjẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di 1901, Afárá Carter ti so erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó, ọkọ̀ ojú irin sì ti dé Ìbàdàn. Ìwé ìtàn a máa dúró ní ibí yìí láti yọ̀. Ó tọ́ kí wọ́n yọ̀, ṣùgbọ́n afárá kò pa iṣẹ́ omi run bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Èrò tí ń lọ sí Èkó dín kù nínú ọkọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń lọ sí ọjà Èjìnrìn, sí Ẹ̀pẹ́ àti sí Ìkòròdú kò ní afárá, ọkọ̀ ìgbòkun sì ń bá a lọ láti máa ṣán lórí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìlú tí ń dàgbà sì ń béèrè ohun kan tí ọkọ̀ ojú irin nìkan kò lè kó tán: igi. Igi àjà, igi ilẹ̀kùn, igi àga ilé ìwé, igi pósí. Igi náà wá gba orí omi.

Níbí ni ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí kò sí iṣẹ́ omi tí ó tóbi tó èyí ní etí Èbúté Mẹ́ta, kò sì sí èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fojú kéré tó o.

Láti igbó Ìjẹ̀bú, igbó Oǹdó àti agbègbè Òkìtìpupa, títí dé àwọn odò Sápẹ́lẹ́, ni gẹdú ti ń wá. Àwọn odò bí Ọ̀ni, Ṣàṣà àti Olúwà ń ṣàn láti inú igbó wọ inú àwọn ọ̀sà tí wọ́n so mọ́ ara wọn láti Ìlàjẹ dé Èkó, tí ó fi jẹ́ pé igi tí wọ́n gé ní ìlú tí kò gbúròó òkun rí lè léfòó dé Èbúté Mẹ́ta láìgun ọkọ̀ ilẹ̀ kankan. Wọn a yí gẹdú sínú omi, wọn a tò ó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a fi ìtàkùn tàbí okùn wáyà dè é mọ́ igi tí wọ́n gbé dábùú rẹ̀, wọn a sì so ìdì kan mọ́ ìdì kejì títí yóò fi gùn lọ rẹrẹ bí agbo ilé. Ìdì gẹdú ni kí a pè é níhìn-ín. Òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣeré ní Jinja.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ a rò pé gbogbo igi ni ó ń léfòó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Arère fúyẹ́, ó ń léfòó bí ìyẹ́. Àfárá àti ọ̀gànwó kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn igi líle kan wà, bí ẹ̀kì, tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ wọ́n sómi ní tútù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ tààrà. Nítorí náà adìgi gbọ́dọ̀ mọ igi bí oníṣègùn ti mọ ewé. Yóò fi igi tí ó fúyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wúwo, méjì ní apá ọ̀tún, méjì ní apá òsì, kí àwọn fífúyẹ́ lè gbé wúwo dání bí àwọn ọmọ tí ń gbé baba wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ó bá ṣìrò lọ́nà òdì, okùn a já lágbedeméjì ọ̀sà, owó olówó a sì lọ sísàlẹ̀ omi. Ní orí igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń fi òòlù lu àmì, àmì ẹni tí ó ni ín àti àmì àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba tí ó fi hàn pé wọ́n ti san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ etí omi ni àmì yìí ti parí.

Lórí ìdì náà ni àwọn tí ń tù ú ń gbé. Wọn a fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àgọ́ kékeré sí i, wọn a da yanrìn lé ibì kan kí iná ìdáná má baà jó igi, wọn a gbé gàrí, ata, iyọ̀ àti ìkòkò dání, ẹja a sì ti inú omi wá. Ọkùnrin méjì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí ìdì kan, Ìlàjẹ tàbí Ìjọ ni púpọ̀ nínú wọn, ìrìn àjò náà a sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni ohun èlò wọn, nítorí ọ̀sà Èkó kò jìn ní púpọ̀ nínú ibi tí ó fẹ̀ sí. Ọ̀pá a kan ilẹ̀, wọn a sì fi àyà tì í. Àwọn mìíràn a ta aṣọ àpò ṣe ìgbòkun. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun tí ń fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn lọ́sàn-án máa ń dojú kọ ẹni tí ń bọ̀ wá sí Èkó láti ìlà oòrùn, ìdì gẹdú kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè yí padà bí ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń le, wọn a so mọ́ èèkàn ní etí koríko, wọn a sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí omi sì ti parọ́rọ́, wọn a tú okùn, wọn a gbéra. Fìtílà kan níwájú, fìtílà kan lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ Èkó, wọn a ṣọ́ ìgbà tí omi òkun bá ń fà padà, kí ó lè bá wọn fà á. Ìmọ̀ yìí, pé kí ènìyàn dúró kí omi tó ṣiṣẹ́ fún un, ni ó ya atukọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára alágbára.

Èrò máa ń wà lórí ìdì gẹdú pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀, ọmọ tí ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, ẹni tí ó fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ dé láìsanwó púpọ̀, lè bẹ àwọn atukọ̀ kí wọ́n fún òun láyè. Òfin inú igbá sì ṣì wà níbẹ̀ láìyí padà. Èrò kì í rìn dé etí ìdì lóru, kì í tú okùn kankan, kì í dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ibi tóóró kọjá. Gẹdú kan ṣoṣo tí ó bá yí lábẹ́ ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn mì, kí àwọn yòókù sì pa dé bí ilẹ̀kùn lórí rẹ̀.

Ibi tí gbogbo wọn ń lọ ni Oko Bàbá, ní etí ọ̀sà Èbúté Mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlagi ti ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, tí gẹdú ń di pákó. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ẹ̀rọ ń tú jáde ni wọ́n ń dà sí etí omi, tí ó ń di ilẹ̀, tí àwọn tálákà sì ń kọ́lé lé lórí. Tí ẹ̀fin rẹ̀ sì ń bo ojú ọ̀sà nígbà tí wọ́n bá ń sun ún. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó ní 1955, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ilé wọn wó lọ sí ilé titun ní Súrùlérè, ìlú gbòòrò lọ́nà tí kò ṣe rí, Múṣín náà sì ń kún. Ẹni tí ó bá ń ka ilé wọ̀nyí, kí ó rántí kí ó ka àjà wọn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ti mú iṣẹ́ náà rẹ̀yìn láti ìgbà náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ atukọ̀, ó ń fa ìdì gẹdú lẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń kó igi gba títì. Igbó tí ó sún mọ́ odò sì ti ṣá. Ní 1984, koríko omi kan tí òdòdó rẹ̀ dúdú bí aró tí a bu omi là wọ inú ọ̀sà láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ó sì ń bo ojú omi ní gbogbo àsìkò òjò títí iyọ̀ òkun yóò fi padà wá pa á. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pinnu pé kí àwọn onípákó Oko Bàbá kó lọ sí Àgbọ̀wà, lọ́nà Ìkòròdú. Ìdí wà fún un: iná, ẹ̀fin, èérí inú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tí ìṣípòpadà yóò náni, iye ẹ̀rọ àti iye ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà omi tí àwọn atukọ̀ mọ̀ kò sí nínú ìwé ìṣírò.

Nítòsí Oko Bàbá ni Mákòkó wà, èyí tí ó ṣẹ́kù jùlọ nínú ayé àtijọ́ yìí. Àwọn Ègùn apẹja láti ọ̀nà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin, pẹ̀lú àwọn Ìlàjẹ, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó láti nǹkan bí ọ̀rúndún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Apá kan rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, apá kan wà lórí òpó nínú ọ̀sà, ọkọ̀ ni òpópónà apá kejì yìí. Ọmọ tí kò tíì lè ka ìwé ti ń wakọ̀ lọ sí ọjà níbẹ̀. Láti 1990 tí Afárá Kẹta ti parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń gba òkè ọ̀sà kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wo àwọn ilé náà láti inú mọ́tò, tí wọn kò sì tí ì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́, ayàwòrán, àlejò láti òkèèrè, ẹbí tí ó fẹ́ kí ọmọ wọn rí bí ènìyàn ti ń gbé lórí omi: wọn a dé etí Mákòkó, wọn a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ dúnàádúrà, yóò sì kó wọn yíká. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Jinja náà ni ó dé Yábàá yìí. Iye àwọn tí ń wá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí Kúnlé Adéyẹmí ya ilé ẹ̀kọ́ kan tí ń léfòó lórí àgbá, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013; ilé náà gbajúmọ̀ káàkiri ayé kí ó tó wó nígbà òjò ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ní nǹkan bí 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ẹ̀rọ tí ń fò ya àwòrán gbogbo ọ̀nà omi inú rẹ̀; kí ó tó di ìgbà náà, omi lásán ni ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ Èkó níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé.

Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín sí irú ìrìn àjò yìí ń sọ pé òṣì ni àwọn àlejò ń sanwó láti wò. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré, nítorí èrò mìíràn wà tí kì í kí ará ilé kí ó tó yọ ẹ̀rọ àwòrán jáde. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo ẹni tí ó di ọ̀pá mú. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn ará etí omi Mákòkó ní wákàtí 72 kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n wó, ẹnì kan sì kú nínú rògbòdìyàn náà. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà kà wọ́n sí ènìyàn tí ó wà níbi tí kò yẹ kí ènìyàn wà. Nínú ọkọ̀ àlejò, ọmọ Mákòkó kan náà ni ó mọ ibi tí ènìyàn lè gbà àti ibi tí kò lè gbà, òun ni ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí àti ojúlé tí a kì í ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí ìwé ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń dá padà fún un, bí kò tilẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Ìjọba náà ti ń wo omi ní àkókò yìí. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi orílẹ̀-èdè wà láti 1997, ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti 2008. Wọ́n pàṣẹ pé kí èrò ọkọ̀ wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó, wọ́n sì ka ìrìn òru léèwọ̀. Òfin náà dára, nítorí ọkọ̀ tí ó kún ju bí ó ti yẹ lọ ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni èyí tí òmùwẹ̀ onígbá ti mọ̀: pé èrò gbọ́dọ̀ gbà pé ẹlòmíràn ni ọ̀gá. Olówó tí ó ń pa atukọ̀ láṣẹ pé kí ó sáré, tàbí pé kí ó gba ẹnì kan sí i, ti gba igbá náà lọ́wọ́ òmùwẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lágbedeméjì odò.

Ní etí Mákòkó, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ kì í sábà ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dé pẹ̀lú olùkọ́ wọn, tí wọ́n sì ti sanwó, atukọ̀ kì í tíì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Yóò kọ́kọ́ dúró wò wọ́n, ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó tín-ín-rín, ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́, tí yóò sì máa sọ ibi tí olúkúlùkù wọn yóò jókòó sí, olùkọ́ pẹ̀lú.